Mo Kúnlẹ̀ Níbi Tó Yẹ Kí N Ti Kígbe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láràárọ̀, tí mo bá gbé omi ìwẹ̀ lọ fún bàbá ọkọ mi, wọ́n á na ọwọ́ síwájú, wọ́n á wá orí mi kàn, wọ́n á sì gbé ọwọ́ lé e. "Àṣàkẹ́, ọmọ mi, o ò ní kúnlẹ̀ sunkún." Gbogbo ará ilé ń yìn mí pé irú ìyàwó ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn bá ti kàn mí, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Èmi ni mo jẹ́ kí ojú Bàbá fọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Koumassi. Ilé ìwé Faransé ni mo lọ, Yorùbá tí mo gbé wọlé ọkọ ò sì ju ti ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ariwo sì ni iṣẹ́ náà láti àárọ̀ dọ̀sán: "Arrête! Assieds-toi!", ìyẹn ni pé ṣíwọ́, jókòó. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé wa bá ń jóná, òun ò ní pe panápaná, kí n ṣáà pariwo mọ́ iná náà, á kú fúnra rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò lóhùn.

Nígbà tí Bàbá kó wá bá wa gbé láti Èjìgbò, ibùdókọ̀ Abobo Gare la ti lọ pàdé wọn. Mo dúró gbagidi bí òpó iná, mo na ọwọ́ sí wọn, mo kí wọn lédè Faransé, "Bonsoir, Papa." Háà! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin figbe ta láàárín èrò. "Ṣé ọwọ́ lo fi ń kí bàbá ọkọ rẹ? Àwọn ọmọ Àbíjàn yìí, wọn ò tiẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ rárá!" Bàbá fúnra wọn rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn òbí mi ò fún mi ní oríkì, wọ́n sọ mí ní Àṣàkẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ náà dorin, ó ń kọ ọ́ káàkiri fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo wá ń dá kúnlẹ̀ níwájú dígí nínú yàrá mi, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo búra pé Bàbá ò ní bá mi lórí ìdúró mọ́ láé.

Nígbà náà, ọkọ mi ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ ní Port-Bouët, àwọn tó máa ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run létí òkun nígbà ọdún. Ní ìparí ọdún 2007, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní mẹ́fà. Bàbá ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì máa ń tètè sùn, nítorí náà ọkọ mi ní a ò ní dúró de òru, bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí la máa yìn ín. Pápá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa, mọ́sáláṣí sì wà ní òdìkejì rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ó ṣe fara balẹ̀ ṣe é! Ó ri páìpù tí iná kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ mọ́ inú garawa iyanrìn dé ìdajì, ó dojú wọn kọ ibi tí kò sílé, ó ní kí n ká gbogbo aṣọ orí okùn. Ó bu eérú, ó fi fa ìlà gígùn sílẹ̀, ó sì fi mí ṣọ́ ọ. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá ìlà yìí. Personne! Ìwọ lo lóhùn ńlé yìí."

Ó fi ọ̀pá gígùn tanná sí òwú wọn níkọ̀ọ̀kan. Márùn-ún gòkè, wọ́n tú ká, pupa, àwọ̀ ewé, funfun. Bàbá ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ìkẹfà ò dún. Ọkọ mi sá sẹ́yìn, ó sọ fún mi létí pé ọ̀kan ṣì kù, pé iná lè wà nínú òwú rẹ̀, kí n má kúrò lójú kan, òun fẹ́ lọ bu omi wá dà sí i kó lè kú. Ó wọlé lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àtàwọn ará ilé tó kù rò pé ó ti parí, wọ́n kẹ̀yìn sí pápá, wọ́n ń kó àga. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n pe ìrun.

Mo yíjú, mo rí Bàbá. Wọ́n ti gba orí ìlà kọjá, wọ́n ń gba ẹ̀yìn páìpù lọ sí mọ́sáláṣí. Mo la ẹnu. Igbe ti dé ọ̀fun mi. Ọmọ ta ni mo jẹ́ tí màá jágbe mọ́ bàbá ọkọ mi, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà nítòsí? Mo ní kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú o..." Ká ní mi ò kúnlẹ̀, bóyá wọn ì bá ti kọjá lọ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n àgbà wo ló máa rí ọmọ lórí ìkúnlẹ̀ tí kò ní dá a lóhùn? Bàbá dúró, wọ́n kọjú sí mi, páìpù wà láàárín wa. "Àṣàkẹ́! Dìde, ọmọ mi." Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Ìgbà náà ni ìkẹfà dún.

Ojú méjèèjì ló lọ. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi wá léèrè pé ta ló ń ṣọ́ ìlà. Ọkọ mi wò mí. Mo sọ ọ́, Ọlọ́run ló máa forí jì mí, mo ní, "Mi ò rí wọn. Kò tiẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀kan kù." Ọkọ mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá lóòótọ́ ni òun gbàgbé. Ó gbà mí gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ! Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣáná mọ́, èmi ni mò ń tan sítóòfù. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń pè é ní ẹni tó fọ́ bàbá rẹ̀ lójú. Ọdún mẹ́ta rèé, kò lè jókòó ti Bàbá kó pẹ́.

Ìparí ọdún tún dé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà, Bàbá sì dì mí lọ́wọ́ mú. "Má fòyà, Àṣàkẹ́. Ojú mi rí nǹkan láyé, ṣùgbọ́n ìwọ ló rí kẹ́yìn, níbi tí o ti kúnlẹ̀ tí o ń kí mi níjọ́ náà. Mo dúpẹ́ pé ohun rere ló rí kẹ́yìn." Mo gbójú sókè. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife tíì Bàbá lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó jáde. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Ọjọ́ kẹta rèé, kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ síbi iná, ẹ kígbe, ìbáà ṣe ọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti pinnu pé lọ́la ni màá sọ fún un kó tó bi mí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá kí n dúró sọ ọ́, àbí kí n tún kúnlẹ̀.