Ẹkún Tí Kò Sí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

[Ìpè láti Ọ̀tà sí Adó-Odò, lọ́sàn-án. Nàfísátù, tó kọrin inú fíìmù Ilẹ̀kùn Kejì láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lóde, ló pe Sírájúdéènì, tó tẹ dùùrù fún un. Ẹ̀yìnkùlé ni Nàfísátù sá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní pálọ̀ má baà gbọ́ ohun tó ń sọ.]

SÍRÁJÙ: Hẹ́lò, Ìyá Ìbejì. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ pè.

NÀFÍ: Ẹ káàsán, Bọ̀dá Sírájù. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ará ilé ńkọ́?

SÍRÁJÙ: A dúpẹ́, a dúpẹ́. Kẹ́hìndé ńkọ́?

NÀFÍ: Ó wà nínú ilé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ike ló bàjẹ́ ní kọ́ńpìnnì wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọlé. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ —

SÍRÁJÙ: Ariwo kí nìyẹn?

NÀFÍ: Jẹnẹrétọ̀ wa ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÍRÁJÙ: Mò ń gbọ́ ẹ, àmọ́ ohùn ẹ ń lọ, ó ń bọ̀. O ti rí i, àbí? Àwo wa ti jáde lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ìwọ bá mi dúpẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí —

NÀFÍ: Mo ti rí i. Kẹ́hìndé ló fi hàn mí lórí fóònù. Bọ̀dá, orin mélòó ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wa àtijọ́?

SÍRÁJÙ: Mẹ́jọ. Mẹ́rin lójú kìíní, mẹ́rin lójú kejì. Ṣé o ti gbàgbé ni?

NÀFÍ: Mi ò gbàgbé. Èyí tí wọ́n tún gbé jáde yìí ńkọ́?

SÍRÁJÙ: Mẹ́tàlélógún. [Ó rẹ́rìn-ín.] Expanded edition. Gbogbo ohun tó wà lórí téèpù ni wọ́n kó síbẹ̀. Everything.

NÀFÍ: Gbogbo ẹ̀.

SÍRÁJÙ: Gbogbo ẹ̀ pátá. Orin ibi tí wọ́n ti ń lé olè. Orin ibi tí òjò ti pa bàbá àgbà. Èyí tí mo fi dùùrù nìkan tẹ̀, níbi tí ìyàwó ti ń kó ẹrù ẹ̀ jáde — o rántí ìyẹn? Kò sí ìkankan níbẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń bá wa ta fíìmù ní ta ló fẹ́ gbọ́ dùùrù tí kò lẹ́nu. Tìẹ nìkan ló kó síbẹ̀. Ojú ẹ gba gbogbo iwájú páálí. Orúkọ tèmi wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀, lábẹ́ àdírẹ́sì ẹni tó tẹ páálí.

NÀFÍ: Mo mọ̀.

SÍRÁJÙ: O ò mọ̀. Ìwọ lo wà níwájú.

NÀFÍ: Orin mẹ́jọ yẹn, àwa méjèèjì la jókòó yàn wọ́n, Bọ̀dá. Ẹ jókòó síbí, mo jókòó sọ́hùn-ún. Ẹ ní èyí dára, mo ní èyí ò dára. Ohun tí a fọwọ́ sí pé ká fún aráyé ni kásẹ́ẹ̀tì. Ìyókù, inú ilé ló ń gbé.

SÍRÁJÙ: Ìyókù yẹn gan-an ni fíìmù. Ohun tó ṣeé jó sí ni wọ́n kó sínú kásẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Toll Gate ló ń lù ú nígbà náà, wọ́n ń jó, ìkankan nínú wọn ò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan míì. Ká ní mo kú lánàá, wọ́n á ní mo bá obìnrin kan tẹ dùùrù. Gbólóhùn kan. Ó tán.

NÀFÍ: Ó dára nígbà náà. Orin tó kẹ́yìn, èyí tó ṣìkẹtàlélógún, kí ló ń jẹ́?

SÍRÁJÙ: Ẹ̀n?

NÀFÍ: Orin tó kẹ́yìn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÍRÁJÙ: Ohùn ẹ ń já. Nẹ́tíwọ̀kì ibí yìí —

NÀFÍ: Ẹ jáde kúrò lábẹ́ páànù, ẹ bọ́ sí gbangba. Mo lè dúró.

[Ilẹ̀kùn dún. Adìẹ ń ké.]

NÀFÍ: Kí ló ń jẹ́?

SÍRÁJÙ: Wọ́n kọ ọ́ pé... "Ẹkún Nínú Sítúdíò." Bonus track, èènì lásán ni. Nàfí, fetí sílẹ̀ —

NÀFÍ: Ẹkún ta ni?

SÍRÁJÙ: Wọn ò kọ orúkọ síbẹ̀.

NÀFÍ: Kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún? Ẹni tó bá gbé ní Sango láyé ìgbà yẹn, tó bá gbọ́ ohùn yẹn, ó mọ̀ mí. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ tí mo fa imú, mo pa á. Bọ̀dá, ẹ ṣèlérí pé ẹ ti pa á rẹ́. Ẹ dúró níwájú mi. Ẹ ní, "Ìyá Ìbejì, mo ti gba nǹkan míì lé e lórí." Ṣé òótọ́ ni, àbí irọ́?

SÍRÁJÙ: Mo fẹ́ ṣe é. Mo ní kí n —

NÀFÍ: Òótọ́ ni, àbí irọ́?

SÍRÁJÙ: Mi ò ṣe é.

[Nàfí gbé fóònù bọ́ sí etí kejì.]

SÍRÁJÙ: Ìyá Ìbejì? Ṣé o gbọ́ mi?

NÀFÍ: Mo gbọ́ ẹ, Sírájù.

SÍRÁJÙ: Ó ti yá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá èmi sọ̀rọ̀ nìyẹn? Bíi pé o bí mi?

NÀFÍ: Ọmọ tí mo bí kì í purọ́ fún mi. Dákẹ́, kí n rán ẹ létí, torí ó jọ pé dùùrù ti gba gbogbo àyè tó wà nínú orí ẹ. Ọ̀sẹ̀ tí à ń gba ohùn fíìmù yẹn sílẹ̀ ni Táyé mi lọ. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sunkún nínú ilé yìí, ìbejì ni. Bí Kẹ́hìndé bá gbọ́ ẹkún ìyá ẹ̀, á tẹ̀ lé èkejì ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n ní Táyé lọ sọ́jà. Ọmú ń ro mí, wàrà ń rin aṣọ mi, mò ń bá àlejò rẹ́rìn-ín. Ta ló ní kí n wá sunkún ní sítúdíò?

SÍRÁJÙ: Èmi ni.

NÀFÍ: Kí lo wí?

SÍRÁJÙ: Mo ní ohùn kì í jáde nínú yàrá yẹn.

NÀFÍ: O ní fóòmù àti kíréètì ẹyin tó wà lára ògiri á gbé e mì. O ní Ọlọ́run nìkan ló máa gbọ́.

SÍRÁJÙ: Àánú ẹ ló ṣe mí. Wàláhì, àánú ẹ ló ṣe mí. Téèpù ti ń yí látàárọ̀, mo gbàgbé láti pa á. Àṣìṣe ni, Nàfí. Mo gbàgbé.

NÀFÍ: Mo gbà. Èèyàn ń gbàgbé. Ẹni tó wá gbé e fún àwọn òyìnbó yẹn ńkọ́, ṣé òun náà gbàgbé ni?

SÍRÁJÙ: Wọ́n ní gbogbo téèpù làwọn fẹ́. Complete, bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Àwọn tó ń ra irú àwo bẹ́ẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí ohunkóhun kù. Wọ́n á gbọ́ ibi tí a ti ṣì í kọ, wọ́n á gbọ́ ibi tí a ti wúkọ́ —

NÀFÍ: Ọwọ́ ẹ ni téèpù wà. Ó yẹ kó o sọ fún wọn pé eku ti jẹ ìyẹn. Ṣé eku tán ní Adó-Odò ni?

SÍRÁJÙ: Mi ò fi ẹkún yẹn ránṣẹ́ sí wọn lákọ̀ọ́kọ́. Mo búra. Dùùrù mi nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó dára, àwọn máa pè mí. Wọn ò pè. Mo dúró, mo dúró —

NÀFÍ: Lẹ́yìn náà?

SÍRÁJÙ: Nígbà tí mo wá fi... nígbà tí mo fi ìyẹn ránṣẹ́, ọ̀gá wọn pè mí lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó ń sunkún, òyìnbó. Kò gbọ́ Yorùbá kan, ó ń sunkún lórí fóònù. Ó ní àwọn máa gbé gbogbo ẹ̀ jáde.

NÀFÍ: Nítorí ẹkún mi.

SÍRÁJÙ: Nítorí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ —

NÀFÍ: Sírájù.

SÍRÁJÙ: Nítorí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni.

NÀFÍ: O tẹ́ Táyé mi sílẹ̀ kí dùùrù ẹ lè rí ibi gbà kọjá.

SÍRÁJÙ: Má sọ bẹ́ẹ̀.

NÀFÍ: Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Ó yá, kọ́ mi. Kí n fi expanded sí i?

[Láti inú ilé, dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́nà jíjìn, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.]

SÍRÁJÙ: Dúró ná. Èyí tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ẹ yẹn... ibi tí ìyàwó ti ń kó ẹrù jáde nìyẹn.

NÀFÍ: Kẹ́hìndé ló ń gbọ́ ọ. Sípíkà ló so mọ́ fóònù ẹ̀.

SÍRÁJÙ: Báwo ló ṣe dún?

NÀFÍ: Ẹ̀n?

SÍRÁJÙ: Mo kàn ní báwo ló ṣe dún.

NÀFÍ: Ó dún dáadáa, Sírájù. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ó dára gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé o gbé ìyẹn nìkan wá, tó o ní Nàfí, bá mi jà fún un, ǹ bá wọ bàtà mi, ǹ bá bá ẹ lọ dé ìlú òyìnbó lọ lu ilẹ̀kùn wọn.

[Tírélà fọn fèrè lójú títì.]

SÍRÁJÙ: Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ṣé o gbọ́ mi?

NÀFÍ: Mo ní Kẹ́hìndé kì í fo orin. Bí wọ́n ṣe tò ó ló ṣe ń gbọ́ ọ, ó ń gbálẹ̀, ó ń bá mi gberin. Ó máa débẹ̀. Pe àwọn èèyàn ẹ báyìí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

SÍRÁJÙ: Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti tẹ àwo. Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ wọn.

NÀFÍ: Tọ́dọ̀ wọn ò kàn mí. Wọn ò gbọ́ Yorùbá. Orí fóònù ni mo ní kí wọ́n ti yọ ọ́.

SÍRÁJÙ: Kí ló tiẹ̀ burú níbẹ̀? Ẹkún ìyá ni. Ọmọ ẹ á gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ìyá òun —

NÀFÍ: Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti di òyìnbó ni? O gbọ́ ohun tí mo sọ níbẹ̀.

SÍRÁJÙ: Mo gbọ́ ọ.

NÀFÍ: Sọ ọ́.

SÍRÁJÙ: Mi ò lè sọ ọ́ sí ẹ létí.

NÀFÍ: O gbé e sórí àwo, ṣùgbọ́n o ò lè sọ ọ́ sí mi létí. Ó dáa, èmi á sọ ọ́. [Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.] Mo ní, Ọlọ́run, èyí tó lókun lo mú. Èyí tí kì í jẹun, tó ń wúkọ́ lórí itan mi láti ọjọ́ tí mo ti bí i, òun lo fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kó padà wá. Mo ní kó dá Táyé padà, kó máa mú Kẹ́hìndé lọ. Mo pè é lórúkọ, Sírájù. Mo pe orúkọ ọmọ mi.

[Orin inú ilé ti dáwọ́ dúró.]

SÍRÁJÙ: Ẹkún ló sọ ọ́. Ìwọ kọ́.

NÀFÍ: Ohùn ta ni wọ́n gbọ́? Òun nìkan ló kù fún mi. Òun ló ń fi mí yangàn ní kọ́ńpìnnì, pé ìyá òun ló kọrin nínú fíìmù. Ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú. Pẹ̀lú oúnjẹ àti mínírà. Wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á gbọ́ ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá gbé e lọ.

SÍRÁJÙ: Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

NÀFÍ: Pe Kẹ́hìndé. Já ìpè yìí, kó o pè é. Sọ pé orin tó kẹ́yìn ní àṣìṣe, kó má gbọ́ ọ, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Purọ́ fún un. O mọ̀ ọ́n ṣe. Lónìí, mo fún ẹ láyè —

[Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.]

KẸ́HÌNDÉ: Màmá.

NÀFÍ: Ọmọ mi. Mò ń bọ̀. Bọ̀dá Sírájù la jọ ń —

KẸ́HÌNDÉ: Mo mọ̀. Mo ti wà lójú fèrèsé látẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jókòó, Màmá.

NÀFÍ: Orin wo lo gbọ́ dé?

KẸ́HÌNDÉ: Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti àná. Earpiece ni mo fi gbọ́ ọ.

NÀFÍ: Láti àná? O fọ aṣọ mi láàárọ̀ yìí. O bá mi gberin.

KẸ́HÌNDÉ: Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa sọ fún mi.

NÀFÍ: Kẹ́hìndé mi, ohun tí mo sọ yẹn —

KẸ́HÌNDÉ: Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Èmi àti ẹ̀yin máa sọ ìyẹn, inú ilé la ti máa sọ ọ́. Ẹ fún mi ní fóònù yẹn ná.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ dákẹ́.]

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ káàsán, sà. Kẹ́hìndé ni.

SÍRÁJÙ: Ọmọ mi. Ọmọ dáadáa. Wò ó, téèpù yẹn, àṣìṣe ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún ìyá ẹ ni —

KẸ́HÌNDÉ: Ṣé ẹ gbàgbé láti pa á ni?

SÍRÁJÙ: Mo gbàgbé. Ọlọ́run mi ń gbọ́ —

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ má tíì búra, sà. Lórí téèpù yẹn, nígbà tí Màmá fẹ́ pe orúkọ mi, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Ó jọ pé wọ́n doríkodò. Ọkùnrin kan wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ báyìí. Ẹ ò lè gbọ́ ọ lórí sípíkà, àfi lórí earpiece. Ó ní, "Rọra sún mọ́ máìkì." Lẹ́yìn náà ni ohùn Màmá wá jáde ketekete. Ta ni ọkùnrin yẹn?

[Adìẹ ń ké. Atẹ́gùn ń fẹ́ lu fóònù.]

NÀFÍ: [Láti ọ̀ọ́kán] Kí ló sọ? Kẹ́hìndé, kí lo ní ó sọ?

KẸ́HÌNDÉ: Ta ni, sà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÍRÁJÙ: Kẹ́hìndé, nẹ́tíwọ̀kì —

KẸ́HÌNDÉ: Ohùn yín mọ́ gaara níbí. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìpè já.]