Ọ̀pẹ Ẹlẹ́gùn-ún Iwájú Ilé

Nígbà ìjọba Faransé ní Lomé, mo tò sídìí kànga láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyá àgbà kan àti ìyàwó ilé kan.

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó, ẹ gé ọ̀pẹ ẹlẹ́gùn-ún iwájú ilé yín yẹn. Ó tún ti fa aṣọ mi ya."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọgbà kòmáńdà òyìnbó ni ọkọ mi ti hú u wá nígbà tí mo bímọ. Ìdí rẹ̀ la sin ìwọ́ ọmọ sí."

"Ṣé kò sí ọ̀pẹ tiwa ni?"

"Ó ní ewúrẹ́ á jẹ tiwa."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ibà mú un lọ nígbà ọyẹ́."

"Háà! Ọlọ́run á fún ọ ní òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gé e, kí ojú rẹ kúrò níbẹ̀."

"Ọyẹ́ yẹn náà fẹ́ lù ú, ewé rẹ̀ kan ò rọ. Ẹ̀gún ló fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, Ìyá. Ọmọ tèmi ò lẹ́gùn-ún."

Ó kan ìyàwó náà láti fami. Ó pọn garawa ńlá kún, ó pọn kékeré kan tẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà bi í pé, "Kékeré yìí ńkọ́?"

"Tọmọ ni. Ìdí ọ̀pẹ ni màá dà á sí."