Oògùn Tí Mo Ń Mu Tí Wọn Ò Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ọpẹ́ tó kún inú mi lónìí, ẹnu mi ò lè kó o tán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò tíì yé èmi fúnra mi délẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní Dùgbẹ̀. Egbò kan jáde sí mi lójúgun, kékeré báyìí, bí ẹni pé kòkòrò jẹ mí. Ó kọ̀, kò jinná. Ó wọ inú eegun. Nígbà tó yá, ó ń rùn débi pé àwọn oníbàárà mi á dúró ní títì, wọ́n á na aṣọ sí mi láti òkèèrè.

Wọ́n fún mi ní kápúsù ní ọsibítù, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. Oògùn náà máa ń ta mí níkùn, ni ọkọ mi, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní réluwé, bá ń po mílíìkì agolo fún mi láti fi gbé e mì. Oògùn ń tán, egbò ń gbòòrò. Dókítà ọsibítù ní bó bá ń lọ báyìí, àfi káwọn gé ẹsẹ̀ náà. Háà! Ẹ gé kí ni?

Kí wọ́n tó gé e, wọ́n ní kí n lọ rí Dókítà Fádèyí ní lábù yunifásítì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wádìí bí oògùn ṣe ń kúrò nínú ikùn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí mo padà lọ, ó fi àwo gíláàsì pẹlẹbẹ kan hàn mí. Ó ní kòkòrò àìsàn làwọn gbìn síbẹ̀; bí oògùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni, kòkòrò ò ní lè hù níbi tí wọ́n bá kán an sí. Tèmi hù pitimu bíi koríko ìgbà òjò.

"Màmá, ṣé ẹ ń mu oògùn yìí lóòótọ́?"

"Mo ń mu ún, Dókítà. Ìṣojú ọkọ mi ni."

"Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ yín o."

Ẹ̀yin ará, orí mi dàrú. Mo gbé e mì, ó wọ ikùn, níbo ló wá gbà lọ? Ọkọ mi ń wò mí bíi pé mo ń tu ú dànù. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ló ń gbà á lọ́nà. Èmi náà wá ń yanu wò nínú dígí lẹ́yìn tí mo bá lò ó tán.

Mo sá tọ Ìyá Ìjọ wa lọ. Wọ́n ní káwọn ìyá bá mi gbààwẹ̀, omi nìkan títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní oògùn ńkọ́?

"Oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ mi. Fomi gbé e mì, kí o gbàdúrà lé e."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ikùn ta mí, mo fara dà á. Inú ààwẹ̀ yẹn ni Dókítà Fádèyí tún gba ẹ̀jẹ̀ mi.

Ọjọ́ tí mo lọ gbọ́ èsì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. "Màmá, kí lẹ ṣe?" Ó gbé àwo wá. Àyíká ibi tí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ mi sí mọ́ kedere, kòkòrò kan ò hù níbẹ̀! Mo ní àdúrà ni. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo jẹ, kí ni mi ò jẹ? A sọ ọ́ títí, a fi kan mílíìkì. Ló bá fọwọ́ gbá iwájú orí. Ó ní nǹkan kan wà nínú mílíìkì tó máa ń di irú oògùn yẹn mú sínú ikùn, tí kò fi ní wọ ẹ̀jẹ̀. Òun kà nípa rẹ̀, àmọ́ òun ò ronú kàn án.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, wọ́n sunkún. Mo ní, "Bàbá Bọ́dé, ìfẹ́ lẹ fi pò ó." Omi ni mo fi lo ìyókù. Egbò gbẹ!

Ó ṣì rú mi lójú o. Mílíìkì tí à ń fún ọmọ ọwọ́! Dókítà ní mílíìkì yẹn ló fà á. Ìyá ọkọ mi ò gbà. Èmi kàn ń bi ara mi pé, Ìyá Ìjọ ò mọ ohunkóhun nípa mílíìkì, ta ló wá fi ọ̀rọ̀ omi nìkan sí wọn lẹ́nu?

Ẹni tó bá yé, kó là á yé mi lẹ́yìn ìsìn. Ní báyìí, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ febi pa ara yín nítorí mi, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká jó fún Ọlọ́run!