Ohun Tí Díákónì Fọlárìn Sọ fún Rosalie

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Díákónì Fọlárìn kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni òtítọ́ bá a, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní Gounghin, ní ìlú Ouagadougou, lásìkò tí wọ́n ń la ilẹ̀ Ouaga 2000, àdúgbò tuntun, fún àwọn olówó, tí àwòrán Ààrẹ wà lára gbogbo ògiri. Ó dìde, ó ní ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú òun tí òun kò lè gbé wọ sàréè.

Òun ni ògbufọ̀ ìjọ. Pásítọ̀ Parfait, ará Àbíjàn, Faransé nìkan ló gbọ́. Àwọn ìyá tó ń tajà kò gbọ́ ju Nàgó, Yorùbá tiwọn, àti Mòoré, èdè àwọn onílẹ̀, lọ. Àárín wọn ni Fọlárìn máa ń dúró. Lọ́jọ́ yìí, ó ní kí ẹlòmíràn túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun fún pásítọ̀, nítorí ẹnu òun ti bàjẹ́. Ó nawọ́ sí Espoir, ọmọbìnrin olóògbé Rosalie, tó ń kàwé ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà bọ́ síwájú láìmọ ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé rù ú.

"Ẹ̀yin ará," ni Fọlárìn wí, "ní kíláàsì ìrìbọmi àwọn ìyá, ní ọ̀sán Ajé tí àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, pásítọ̀ máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ nínú Jésù ni Ọlọ́run fi ń dá ènìyàn láre, pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi á wá sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni, pé ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ tó kò lè ṣèrìbọmi. Ìkà ni mí. Bíríkì tí ẹ mọ, omi tí ẹ rù, ẹ rò pé ti Ọlọ́run ni. Odi ilé mi ni. Ó ti parí báyìí, mi ò sì rí oorun sùn nínú rẹ̀."

Espoir túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní". "Èmi" ni yóò máa wí, àfi bíi pé òun gan-an ló kọ́ odi náà. Inú bí i títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Ìyá rẹ̀ tó ń húkọ́ nínú ọyẹ́ ló ń ru omi láti ẹnu pọ́ǹpù dé ibẹ̀, ẹni tó rán an sì ń jẹ́ díákónì. Àdùkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tí wọ́n ti dá padà létí bàráàjì, adágún omi tí wọ́n ti ń ṣèrìbọmi, tú gèlè, ó ń bèèrè bóyá òun lè na díákónì ná kí wọ́n tó gbàdúrà.

Fọlárìn ní kí wọ́n ní sùúrù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Espoir, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ń kú lọ, èmi ni mo rán ọ lọ sí fámasí. Oògùn wà nílé. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Faransé wà níbẹ̀ ni. Rosalie bi pásítọ̀ bóyá iṣẹ́ òun ti tó kí Ọlọ́run gba òun. Pásítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní Jésù ti ṣe é tán, kí ó sinmi. Àwọn ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ wa, odi mi sì ku apá kan; bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Mo sọ fún un pé pásítọ̀ ní ó kù díẹ̀. Ó ní, 'Bàbá Díákónì, mi ò lágbára mọ́.' Ó kọjú sí ògiri. Ohun tó gbé lọ nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ ìjọ, ó bẹ ọmọ náà. Espoir yí padà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ ń bi í pé, "Il dit quoi?", kí ló ń wí? Ọmọ náà wá túmọ̀ rẹ̀ tán, pẹ̀lú "èmi" yẹn náà. Pásítọ̀ jókòó sílẹ̀, ó sunkún, kí ó tó dìde sọ̀rọ̀ ní Faransé.

Gbogbo ojú wá wà lẹ́nu Espoir. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tí yóò mọ̀ bí ó bá yí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ padà. Ó lè sọ pé ó kù díẹ̀.

"Pásítọ̀ ní bí Díákónì bá gba Jésù gbọ́, Ọlọ́run dá a láre pẹ̀lú, lọ́fẹ̀ẹ́," ni ó wí. "Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò yọ, mi ò fi kún un. Èmi ni mi ò tíì dárí jì í."