Ta Ló Ní Kí O So Wá Pọ̀?

Má tíì kí mi, Àyànlọ́wọ̀, má tíì rẹ́rìn-ín sí mi rárá. Gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀ ná. Ọkọ̀ yìí kò ní kúrò ní Lágere láàárọ̀ yìí àfi tí mo bá sọ tẹnu mi tán, kí àwọn èrò inú rẹ̀ máa bínú, àwọn náà á gbọ́ ohun tí o fojú mi rí lánàá.

Ṣé mi ò bẹ̀ ọ́ ni? Mo ní, ọmọ mi, jẹ́ kí n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ, o ní o ò gba tiransífà, pé wọ́n ti fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú lù ọ́ ní jìbìtì rí. Mo ní káàdì mi nìyí, jẹ́ ká yà lọ́dọ̀ oní-POS, o ní èrò ń kánjú. Ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo fún ọ. Kí lo wá ṣe? A sọ̀ ní Òkè-Ogbó, o na ẹgbẹ̀rún kan sí obìnrin tó jókòó níwájú, o ní, "Màmá, kò sí ṣéńjì o, mo so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, ẹ lọ pín in." O sì wa ọkọ̀ rẹ lọ fíì.

Ó yíjú padà. Mojíre ni.

Mojíre àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi! Láti ọjọ́ tó ti kó aṣọ òfì màmá wa lọ lẹ́yìn ìsìnkú láì bi mí ni mo ti lérí pé ẹnu mi kò ní pè é mọ́ láéláé. Mo ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ lójú mi, èmi àti onítọ̀hún ni. Nínú gbogbo èrò inú ọkọ̀, kò sí ẹlòmíràn tí o lè so mí mọ́?

Ṣé kí n wá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mi sílẹ̀ fún un ni? Ó ti jẹ aṣọ, kó tún jẹ ṣéńjì? Mo bá ń tẹ̀lé e kiri. Oní-POS ní òun ò ṣẹ́ owó fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹlẹ́ẹ̀pà ní àfi ká kọ́kọ́ rà. A ń rìn, a ò bára wa sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́. Mojíre tí a jọ ń sáré lọ sódò! Ta ló sọ fún mi? Ta ni ì bá sì sọ fún mi, nígbà tí mo ti dí gbogbo wọn lẹ́nu?

Mo bá lanu, mo ní, "Ṣéńjì mi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn o. Lórí ẹsẹ̀ tó wú yẹn ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, màá gbé e wá bá yín nílé kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo kẹ̀yìn sí i, mo lọ.

Mo délé, mo se ẹ̀fọ́, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Kò wá.

Má kiwọ́ bọ àpò, ta ló ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ? Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo bi àwọn ẹbí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó ti kó kúrò ní Ìlarè tó ń gbé tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ibi tó ń gbé, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ìwọ lo gbé e láti ọ̀nà Modákẹ́kẹ́ kí o tó gbé mi, o mọ ibi tó ti wọkọ̀. Ìwọ lo so wá pọ̀, ìwọ lo máa mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sọ fún àwọn èrò yìí kí wọ́n bá ọkọ̀ mìíràn lọ.

Èló? Pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Kò sí owó lọ́wọ́ mi, tiransífà ni màá ṣe, o sì máa gbà á.