Omi Iyọ̀ Tí Mo Dà Sídìí Òdòdó Láolú

Ṣẹ̀yẹ, dá kílípà tó o fi ń fá orí mi yẹn dúró ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ gbọ́ èmi Àlímì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ pọ́nbélé ni. Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo bọ̀ ọ́, kí kílípà yìí gé mi létí, kí n máa fi etí kan rìn kiri àdúgbò Yeoville yìí. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Kò jẹ́ kí n jẹun mọ́.

Ẹ mọ Láolú, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Fọlákẹ́mi ní Bruma. Àǹtí pín ẹ̀gbẹ́ ọgbà fún wa. Èmi gbin tòmátò, mo sọ fún gbogbo ayé pé ó máa tó orí ọmọ ìkókó. Ìgbín jẹ ẹ́ tán. Láolú gbin òdòdó tí òyìnbó ń pè ní dèlílì. Òdòdó yẹn pupa fòò, ó ga ju iná róbọ́ọ̀tì tó ń dá ọkọ̀ dúró lóríta lọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó dáa, kò ju orúnkún mi lọ, àmọ́ bí róbọ́ọ̀tì ló ṣe ń dá mi dúró.

Tó bá jẹ́ òdòdó nìkan, ǹ bá fara dà á. Damaris ni. Nọ́ọ̀sì ni, fúláàtì tó kọjú sí wa ló ń gbé. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí i, mo ní takisí rẹpẹtẹ ló ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá, ó lọ dúró ti Láolú tó rọra ń bomi rin òdòdó. Látìgbà yẹn, àràárọ̀ ló ń yà síbẹ̀. Owú ń ta mí lọ́fun bí ata ìjọ̀sì.

Mo bá lọ dúró síwájú òdòdó kan láàárọ̀, mo ní, "Bó o ṣe là yìí, o ò ní fojú kan alẹ́." Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rọ jọwọlọ. Ẹnu ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin náà ẹ rántí pé mo wá síbí, mo ní kẹ́nikẹ́ni má bí mi nínú, torí àṣẹ wà lẹ́nu mi. Ilẹ̀ mọ́, òmíràn ti là. Mo bú ìyẹn náà, ó kú. Òmíràn tún là.

Damaris ká mi mọ́ ìdí ẹ̀ pẹ̀lú èpè lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọgbà mú. Ó ní ọjọ́ kan péré ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń lò, orúkọ ẹ̀ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀, pé "dè" inú dèlílì, ọjọ́ ni lédè òyìnbó, pé bí mo tiẹ̀ súre fún un, yóò kú lálẹ́ náà ni. Ó wá pariwo, "Láolú, wá wo bàbá elépè. Ó ń bá òdòdó jà." Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn, pé wọ́n jọ rín in.

Nígbà tí Láolú lọ síbi iṣẹ́, mo gbé omi kaná. Mo da iyọ̀ sí i, iyọ̀ tó lè se odindi màlúù. Rárá, páálí kan ni. Mo dà á sídìí wọn, èèyàn burúkú, mo tún ń kọrin sí i. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, ewé ti gbẹ bíi tábà.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Láolú bi mí bóyá mo rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò fura sí mi, oúnjẹ ló ń bù fún mi bó ṣe ń béèrè. Mo wo ojú ẹ̀, mo ní, "Damaris ni mo rí tó ń da nǹkan síbẹ̀." Damaris sì ti gbé ìgbẹ́ adìyẹ wá fún un kó fi ṣe ajílẹ̀. Gbogbo irọ́ tí mo ti ń pa láti Èkó, kò sẹ́ni tó gbà á rí. Láolú gba èyí. Ó lọ bá ọmọbìnrin náà jà. Damaris ní bó bá lè rò ó sí òun, kó má dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Sátidé yìí ni ẹ̀gbọ́n Láolú fẹ́ lọ mọ ilé àwọn òbí Damaris nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Láolú ti ní kó jókòó.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré sí mi, ẹni tí owú bá rán níṣẹ́ kì í mọ ibi tó máa gbà padà. Bàbá Adéyínká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Láolú lórí fóònù, ẹ̀yin ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣẹ̀yẹ, kí ló dé tó o fi ń tú aṣọ lọ́rùn mi? O ò tíì fá apá òsì.

"Mi ò bá ẹ pe ẹnì kankan," ni Bàbá Adéyínká wí. "Ilé ni Láolú wà. Bí orí ẹ ṣe rí yẹn, Àlímì, máa lọ sílé."

"Máa lọ sílé," ni gbogbo bẹ́ǹṣì wí.