Lẹ́tà Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Sáfù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó ti lé ní ọdún kan. N ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ẹnì kan ti Malete dé, ó gbé aṣọ kékeré kan wá fún ọmọ mi. Ó ní Ìyá Sáfù ló fi rán òun, pé ara ìyá ò yá rárá, pé kí òun kí èmi ìyàwó akọ̀wé dáadáa, nítorí èmi nìkan ni kò pe ìyá ní òpùrọ́ ní gbogbo Ìlọrin.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi gan-an ni mo sọ ọ́ di òpùrọ́.

Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé ní Ìlọrin níbí fún ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan tí àwọn tó ni ín wà lókè òkun. Ẹni tó bá ní ẹrù á san owó díẹ̀. Bí ẹrù náà bá ṣòfò, ilé iṣẹ́ á san án fún un. Ní ọ́fíìsì wọn l'Ékòó, wọn kì í da iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀ka ọkọ̀ òkun dá wà, ẹ̀ka rélùwéè dá wà, ẹ̀ka iná náà dá wà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀gá tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Ọ̀gá kan kì í dá sí lẹ́tà tó jẹ́ ti ọ̀gá kejì.

Mo lọ sí ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó kí ọkọ mi tó fẹ́ mi wá síbí, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára ju tirẹ̀ lọ. Ó máa ń gbé lẹ́tà wálé kí n bá òun kọ ọ́. Wọn ò gbà bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Àwa méjèèjì mọ̀.

Aládùúgbò wa ni Ìyá Sáfù. Òun ló ń wẹ ọmọ mi nígbà tí mo bímọ, torí ìyá mi jìnnà. Ó ń gba aṣọ òfì láwìn lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, á fi rélùwéè kó o lọ tà l'Ékòó. Èmi ni mo ní kó gba ìwé adójútòfò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, bí aṣọ mi bá jóná, ṣé ìyàwó òyìnbó ló máa jókòó hun òmíràn fún mi?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Wọn kì í yẹ àdéhùn." Ó gbà torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Kò pẹ́, ẹrù rẹ̀ jóná ní ilé ìkẹ́rùsí ìdí rélùwéè, kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀. Èmi ni mo bá ọkọ mi kọ lẹ́tà tí a fi béèrè owó rẹ̀, mo fi ìwé adójútòfò ìyá sínú rẹ̀, ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Mo rò pé ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ní ìdí rélùwéè, ti ẹ̀ka rélùwéè ni, mo sì kọ ọ́ sí wọn. Àṣìṣe ni. Ẹrù tó bá jóná kó tó wọ ọkọ̀, ẹ̀ka iná ló ni ín.

Èsì dé nígbà tí ọkọ mi lọ sí Ọ̀fà. Wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, kí a tètè kọ̀wé sí ẹ̀ka iná kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí ẹrù jóná, torí bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọn ò ní san nǹkan kan. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè nísàlẹ̀ pé ta ló kọ lẹ́tà náà, torí kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé wọn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n máa lé ọkọ mi. Mo ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ àwọn aṣọ ọmọ nínú àpótí. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ní èsì ò tíì wá. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé màá jẹ́wọ́ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, mo ń wò ó.

Àwọn ahunṣọ wá béèrè owó aṣọ wọn lọ́wọ́ Ìyá Sáfù lójúde. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ìwé òyìnbó tẹ́ ẹ ní ẹ gbà dà? Ṣé ìwé ni kí ìyàwó mi ró lọ sí yídì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Sáfù yíjú sí mi.

"Ìyàwó akọ̀wé, bá mi sọ fún wọn."

Mo ní, "Wọn ò tíì fèsì."

Ó fi Àlùkùránì búra pé òun gba ìwé lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Kò sí ahunṣọ tó tún fún un láṣọ. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ sí oko àwọn ẹbí rẹ̀ ní Malete.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ni mo tó sọ fún ọkọ mi. Ó wá ní bí mo bá tú u síta, kí n fi ọmọ sílẹ̀ kí n máa lọ. N ò bínú sí i. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun.

Ilé iṣẹ́ ò ní san nǹkan kan mọ́, ọjọ́ ti kọjá. Orúkọ ìyá yẹn nìkan ló kù tí mo lè dá padà, iwájú àwọn ahunṣọ ni mo sì ti gbọ́dọ̀ dá a padà. Ọmọ mi ò tíì já lẹ́nu ọmú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mò ń tọrọ ẹ̀ nínú gbogbo ìrun. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n lọ jẹ́wọ́ fún àwọn ahunṣọ, tàbí kí n dákẹ́. Ẹni tó wá láti Malete ní ìyá ò lè dìde jókòó mọ́. Bí ẹ bá máa dá mi lóhùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́.